Civil War: Ìwé Tí Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀ Kò Tíì Parí Ìjà

Ẹ dárúkọ Civil War láàárín àwọn tó fẹ́ràn kọ́míìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ wá dúró kẹ́ ẹ wo bí wọn yóò ṣe gbé e. Ọ̀kan á ní kò sí ìtàn akọni tí ilé-iṣẹ́ Marvel tẹ̀ jáde tó dùn tó o. Èkejì á ní ìwé yẹn ló ba àwọn akọni tí òun fẹ́ràn láti kékeré jẹ́ mọ́ òun lójú. Ẹ̀kẹta á ní àwòrán inú rẹ̀ nìkan ni òun rí gbóríyìn fún. Láti ọdún 2006 tí apá kìíní rẹ̀ ti jáde ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹjọ́ yìí, kò sì tíì tán.

Mo ti ka ìwé àkójọ náà, mo sì ti ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé mìíràn tí ìtàn rẹ̀ wọnú wọn. Ohun tó yé mi nínú ìjà yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn ni kò ka ìtàn kan náà. Orúkọ kan ló wà lára ìwé tí kálukú wọn dì mú, ṣùgbọ́n ojú-ìwé tí ẹnì kan kà tó fi bínú, ẹnì kejì kò rí i rárá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ló fà á. Kọ́míìkì Amẹ́ríkà a máa jáde lóṣooṣù, akọni kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé tirẹ̀: Spider-Man ní tirẹ̀, Captain America ní tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ á ṣe ìtàn ńlá kan tí gbogbo wọn yóò ti pàdé. Marvel ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1984 pẹ̀lú Secret Wars tí Jim Shooter kọ. Ilé-iṣẹ́ DC tẹ̀ lé e lọ́dún 1985 pẹ̀lú Crisis on Infinite Earths, èyí tí Marv Wolfman kọ tí George Pérez sì ya, níbi tí Supergirl àti Flash ti kú. Apá méjìlá ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì rí i pé àwọn lè fi ìtàn gan-an sínú ìwé kan, kí ẹ̀ka rẹ̀ sì máa hù jáde nínú ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn lóṣù kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn náà délẹ̀ á ra gbogbo rẹ̀. Bí ó bá parí, wọn á di apá ti àárín gbùngbùn pọ̀ sí ìwé kan, wọn á di àwọn ẹ̀ka sí ìwé mìíràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe Civil War gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ìlú Stamford ní ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn ọ̀dọ́ akọni kan tí wọ́n ń jẹ́ New Warriors ń fi iṣẹ́ akọni ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé wọn kiri. Wọ́n lọ ká àwọn ọ̀daràn kan mọ́lé. Nitro, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà, lè sọ ara rẹ̀ di bọ́ǹbù, ó sì bú gbàmù nítòsí ilé-ìwé. Ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn kú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà nínú wọn. Aráàlú fárígá. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá ní agbára àràmàǹdà tó sì fẹ́ máa fi jà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó sọ orúkọ àbísọ rẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ. Tony Stark, tí í ṣe Iron Man, ní òfin náà dára. Steve Rogers, tí í ṣe Captain America, ní òun kò ní fọwọ́ sí i láéláé. Bí àwọn akọni ṣe pín sí méjì nìyẹn, tí ọ̀rẹ́ ń rán ọ̀rẹ́ lọ sẹ́wọ̀n.

Mark Millar, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló kọ ọ́ ní apá méje. Steve McNiven, ọmọ Kánádà, ló ya àwòrán rẹ̀. Marvel polówó ọjà yìí dáadáa. Wọ́n bi àwọn òǹkàwé ní gbangba pé ẹ̀yìn ta ni wọ́n wà, àwọn òǹkàwé náà sì dáhùn: wọ́n pín sí ẹgbẹ́ méjì kí apá kìíní tó dé orí àtẹ. Àwọn ilé ìtàwé kọ́míìkì ní Àríwá Amẹ́ríkà béèrè fún iye tó ju 250,000 ẹ̀dà lọ nínú apá kìíní yẹn, iye tó pọ̀ gidigidi fún kọ́míìkì ìgbà náà.

Ẹ̀sùn tó kọ́kọ́ mú àwọn òǹkàwé bínú ni ti ìfàsẹ́yìn. Ìwé tó yẹ kó máa jáde lóṣooṣù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2006, Marvel kéde pé apá kẹrin kò ní jáde lásìkò, nítorí wọ́n fẹ́ dúró de McNiven dípò kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ayàwòrán mìíràn. Apá keje kò dé títí di oṣù kejì ọdún 2007. Àwọn ìwé tó so mọ́ ọn náà ní láti dúró, kí wọ́n má baà tú àṣírí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń náwó sí i lóṣooṣù lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìwé àkójọ lónìí kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Á kà á tán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, á sì máa ṣe é ní kàyéfì pé kí ló ń bí àwọn àgbà nínú. Lójú tèmi, Marvel ṣe ohun tó tọ́ nígbà tí wọ́n dúró de McNiven. Àwòrán rẹ̀ ló mú kí ìtàn náà dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú pópó tí a mọ̀: aṣọ àwọn akọni ya, ojú wọn wú, òkúta ilé tó wó ní ìwọ̀n. Àwòrán yìí gan-an ló fà á tí ìwé náà ṣì fi ń tà.

Irú nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí ìwé Yorùbá. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, ìtàn àròsọ kan, sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó lọ́dún 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé ránṣẹ́ nípa rẹ̀, ìtàn náà sì ń lọ níṣojú wọn. Ẹni tó wá rà á nígbà tó di ìwé lọ́dún 1930 rí ìtàn tó ti parí. Kò bá wọn retí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òǹkàwé tó dúró àti òǹkàwé tó bá a ní kíká kì í fi ojú kan náà wo ìtàn.

Bí ìwé àkójọ ṣe mú ẹ̀sùn ìfàsẹ́yìn kúrò, bẹ́ẹ̀ ló dá ẹ̀sùn tuntun sílẹ̀, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ihò pọ̀ nínú ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ Spider-Man ló hàn jù níbẹ̀. Ní ìparí apá kejì, Peter Parker dúró síwájú àwọn oníròyìn, ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ fún gbogbo ayé. Láti ọdún 1962 tí Stan Lee àti Steve Ditko ti dá a sílẹ̀, orí àṣírí yẹn ni gbogbo ìyọnu ayé rẹ̀ dúró lé. Ojú-ìwé náà gba ọkàn ẹni tó ń kà á. Àmọ́ nígbà tí a bá fi máa dé apá karùn-ún, ó ti ń bá Tony Stark jà, ó ń wá ọ̀nà àtisá. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ẹni tó ka ìwé àkójọ nìkan á rò pé òǹkọ̀wé gbàgbé ni. Ìdáhùn wà nínú Amazing Spider-Man, láti nọ́ńbà 532 dé 538, tí J. Michael Straczynski kọ tí Ron Garney sì ya. Níbẹ̀ ni Stark ti mú Peter lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kọ́ sí ayé mìíràn, tó ti rí àwọn tó ti bá jagun rí nínú àhámọ́, láìsí ìgbẹ́jọ́ fún wọn. Níbẹ̀ ni ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Níbẹ̀ náà ni ìbọn ti ba Aunt May tó tọ́ ọ dàgbà, nítorí pé àwọn ọ̀tá ti mọ ẹni tí Peter jẹ́. Ẹni tó ka apá yìí pẹ̀lú àkójọ rí ènìyàn tó ṣe àṣìṣe ńlá tó sì ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹni tí kò kà á rí ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀gá kan bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn. Àwọn méjèèjì wá ń bá ara wọn jà lórí Spider-Man tí kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ìbínú mìíràn wà lórí ìṣíbòjú yìí tí mo fara mọ́ pátápátá. Lọ́dún 2007 kan náà, nínú ìtàn tí wọ́n pè ní One More Day, wọ́n ní kí Peter fi ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Mary Jane, tó ti wà láti ọdún 1987, ra ẹ̀mí Aunt May lọ́wọ́ ẹ̀mí èṣù kan tó ń jẹ́ Mephisto. Ìgbéyàwó pòórá, kò sì pẹ́ tí gbogbo ayé tún gbàgbé ojú tó wà lábẹ́ ìbòjú. Àwọn òǹkàwé tí wọ́n ti sọ fún pé ohun tí wọ́n rí ní apá kejì yóò yí ohun gbogbo padà rí i pé wọ́n ti pa á rẹ́. Kò sí ohun tó ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé òǹkàwé jẹ́ tó èyí.

Ẹ̀sùn kejì tó lágbára ni pé òfin náà kò ní ojú kan. Nínú ìwé òǹkọ̀wé kan, ìwé àṣẹ lásán ni, irú èyí tí ọlọ́pàá tàbí dókítà ń gbà. Nínú ìwé ẹlòmíràn, ogun jíjà tipátipá ni, ẹni tó bá kọ̀ á sì ṣẹ̀wọ̀n títí ayé. Ẹ wo Reed Richards, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì inú Fantastic Four. Ó yẹ ká mọ ìdí tí ọkùnrin tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ fi wà lẹ́yìn ìjọba. Straczynski kọ ọ́ nínú nọ́ńbà 540 pé ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan kọ̀ láti bá ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣọdẹ Kọ́múníìsì sọ̀rọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì ba ayé ẹ̀gbọ́n náà jẹ́. Ẹ̀kọ́ tí Reed kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń bá òfin jà tó ń borí. Kò tó oṣù mélòó kan, Dwayne McDuffie gba iṣẹ́ ìwé náà, ó sì kọ ọ́ nínú nọ́ńbà 542 pé ìṣirò ni Reed ṣe tó fi rí i pé aburú ńlá ń bọ̀ bí òfin náà kò bá sí. Ìdí méjèèjì dára. Wọn ò sì lè gbé inú ọkùnrin kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹnì kan bá ní Tony Stark jàre, tí ẹnì kejì ní ìkà ni, àwọn méjèèjì lè fa ojú-ìwé yọ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, níbi tí ìjọba ti gba agbára láti tọpinpin aráàlú nítorí ààbò, ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́ àti àwọn tó kà á. Ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tọ́ sí olóòtú tí yóò jókòó pẹ̀lú gbogbo àwọn òǹkọ̀wé, kí wọ́n kọ ẹsẹ̀ òfin náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fi hàn pé wọn ò fẹnu kò.

Ikú Bill Foster ńkọ́? Orúkọ akọni rẹ̀ ni Goliath. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ènìyàn dúdú, tó ti wà nínú ìwé Marvel láti ọdún 1966, tó sì ní ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1976. Ní apá kẹrin, àwòkọ Thor tí ẹgbẹ́ Stark dá nínú yàrá ìwádìí fi àrá lu ihò sí àyà rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ìtóbi òmìrán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe sin ín, nítorí ara rẹ̀ kò lè padà sí bó ṣe wà. Àwọn òǹkàwé ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà kò dákẹ́ lórí èyí. Wọ́n béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo akọni tó wà lójú ogun, òun ni wọ́n yàn láti fi ikú rẹ̀ han ayé pé ọ̀rọ̀ ti burú. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á, nítorí ìwé náà kò fún un ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ kó tó pa á. A kò mọ ohun tó rò nípa òfin náà. Ikú rẹ̀ wúlò kìkì láti mú kí àwọn akọni mìíràn yí ẹgbẹ́ padà. Àwọn tó ń gbèjà ìwé náà ní ogun kì í mọ ẹni tó ń pa. Ìwé kì í ṣe ogun ṣá. Òǹkọ̀wé ló ń yan ẹni tí yóò kú.

Ó wá ku ìparí ìtàn, níbi tí ìjà àwọn òǹkàwé ti gbóná jù. Ní apá keje, ogun ti bọ́ sí àárín ìlú New York. Captain America ti gbé Stark ṣánlẹ̀, ó ti gbé apata rẹ̀ sókè láti fi lù ú. Lójijì, àwọn èèyàn lásán bẹ́ mọ́ ọn: panápaná, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ tó ń gbé aláìsàn. Wọ́n dì í mú mọ́lẹ̀. Ó wò yíká, ó rí ilé tó wó àti àwọn tó ń fẹ̀jẹ̀, ó sì sunkún. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó ní kí àwọn tirẹ̀ gbé ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Ó tán.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò dárí ji Millar fún èyí. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá Hitler jà kò lè túúbá nítorí ilé wó. Wọ́n ní ó dà bíi pé òǹkọ̀wé kò mọ bí yóò ṣe jáde nínú ìtàn ló ṣe gbé e gba ojú fèrèsé. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn níbí. Láti Stamford ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn akọni tó dá ara wọn lójú kó ikú bá àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nítorí wọ́n fẹ́ borí. Captain America ń jà fún òmìnira àwọn aráàlú, kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ogun náà. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá a dúró ni wọ́n dáhùn. Kò sí ìparí mìíràn tí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lè bí tó ju èyí lọ. Àṣìṣe Millar ni pé ó sáré. Ojú-ìwé díẹ̀ ló fi sí ìrònúpìwàdà tó yẹ kó gba apá kan odidi, lẹ́yìn tó ti ná ọ̀pọ̀ ojú-ìwé lórí ẹ̀ṣẹ́ jíjà.

Àìpé mìíràn tún ni pé ìwé àkójọ fi ìdùnnú Stark parí. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀gá àjọ ààbò SHIELD, ó dúró lókè, ó ń ṣèlérí ọ̀la rere fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú ní Stamford. Ẹni tó bá dé ìwé pa síbẹ̀ á gbà pé Iron Man ló jàre lójú àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹta ọdún 2007, nínú Captain America nọ́ńbà 25 tí Ed Brubaker kọ tí Steve Epting sì ya, wọ́n yìnbọn pa Steve Rogers lórí àtẹ̀gùn ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń mú un lọ. Lẹ́yìn náà ni The Confession jáde, tí Brian Michael Bendis kọ tí Alex Maleev ya, níbi tí Stark ti jókòó ti òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Òkú yẹn ni ìdáhùn sí ìjà náà, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n tà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìtàn tó pé. Ní ti Front Line, ẹ̀ka ìtàn náà tí Paul Jenkins kọ, n kò ní lè gbà á níyànjú. Nínú apá kọkànlá rẹ̀, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Sally Floyd bu ẹnu àtẹ́ lu Captain America nínú àhámọ́ nítorí pé kò mọ MySpace kò sì wo eré ìje ọkọ̀ NASCAR, bí ẹni pé ìyẹn ni ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Àwọn òǹkàwé ti kórìíra ojú-ìwé yẹn láti ọjọ́ tó ti jáde, wọ́n sì jàre.

Fíìmù Captain America: Civil War tó jáde lọ́dún 2016 mú òǹkàwé tuntun wá, àwọn yìí sì tún ní ẹ̀sùn tiwọn. Nínú fíìmù, ìlú Èkó ni jàǹbá tó dá òfin sílẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Wanda, ọ̀kan nínú àwọn akọni fíìmù náà, fẹ́ gba àwọn èrò ọjà là, ó gbé ọ̀tá tó ń bú gbàmù sókè, iná sì gbá ilé kan tí àwọn ará Wakanda, orílẹ̀-èdè àròsọ kan ní Áfíríkà, wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Wakanda ni fíìmù náà ń dárò. Àwọn ará Èkó kò ju èrò tó ń sá lọ. Ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa tó bá ti ibẹ̀ wá sínú ìwé á wá Èkó títí, kò ní rí i. Á bá Stamford, á bá ọgọ́ọ̀rọ̀ akọni tí kò mọ orúkọ wọn, á sì ní ìwé náà kò yé òun. Kò jẹ̀bi. Wọ́n kọ ìwé náà fún ẹni tó ti mọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2017, Nnedi Okorafor kọ ìtàn kúkúrú kan fún Marvel nípa Ngozi, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìtàn ńlá mìíràn tó ń jẹ́ Venomverse. Ẹni tó ń wá ara wa nínú irú ìwé yìí lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ìwé àkójọ apá méje yẹn nìkan, ojú ló tẹ́ lọ́rùn, ó sì béèrè ìbéèrè tó dára, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra ìwé tí wọ́n kó Amazing Spider-Man 532 sí 538 jọ sí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ka àkójọ apá méje náà dé ibi tí Peter ti ṣí ìbòjú, kẹ́ ẹ yà sínú ti Spider-Man, kẹ́ ẹ tó padà. Bí ẹ bá parí apá keje, ẹ má ṣe tíì sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá Captain America 25 àti The Confession, ẹ kà wọ́n, ẹ wá bá wa dá sí ẹjọ́ náà.